Bí Àwòdì Ṣe Gbé Ìrẹ̀ Lọ sí Orí Ìràwọ̀ Onírù

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ súnmọ́ iná díẹ̀ sí i, ẹ fi àyè gba ẹni ẹ̀yìn. Àlọ́ mi gbéra, ó fò fìrìì. Kò bà lé igi, kò bà lé àjà. Ó bà lé orí Àwòdì. Ó bà lé orí Ìrẹ̀. Ó bà lé orí Ìràwọ̀ Onírù, asáré-má-wẹ̀yìn.

Ṣé ẹ bá mi débẹ̀?

A bá ọ débẹ̀!

Ní ìgbà kan, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Kì í ṣe ọ̀dá kékeré. Odò gbẹ, ó ku òkúta. Ẹrẹ̀ gbẹ, ó là. Ìrì kò sẹ̀ mọ́. Àkèré ń fò káàkiri, ó ń wá ibi tútù tí yóò jókòó sí, kò rí i.

Àwòdì bí ọmọ kan ṣoṣo ní ọdún náà. Orí ìrókò ni ìtẹ́ rẹ̀ wà. Ní gbogbo àárọ̀, ọmọ náà á ya ẹnu sókè. Àwòdì á wo inú ẹnu náà, á rí ahọ́n tó gbẹ bí èèpo igi. Á fò lọ, á fò bọ̀. Kò ní rí ẹ̀kán omi kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìràwọ̀ kan yọ lójú ọ̀run. Kò jọ àwọn ìràwọ̀ yòókù. Ó ní ìrù. Ìrù náà funfun, ó gùn, ó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́, aláriwo ìlú, ló kọ́kọ́ rí i. Ó gun igi lọ sókè téńté, ó figbe ta.

"Ẹ jáde o! Ẹ wá wo omi! Ìkòkò kan ló sán lọ́run, ó ń jò!"

Gbogbo ẹranko jáde. Wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Omi ló ń dà yẹn."

Ni kálukú bá gbé igbá síta. Ẹni tó ní ìkòkò gbé ìkòkò. Erin gbé ọpọ́n. Wọ́n jókòó ti igbá, wọ́n ń wo òkè. Ilẹ̀ mọ́, igbá gbẹ. Wọ́n tún gbé e síta. Ilẹ̀ mọ́, igbá gbẹ. Wọ́n gbé e síta lẹ́ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ mọ́, eruku ló kún inú igbá.

Ọba Ẹfọ̀n wo igbá tirẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ dà á dànù. Ó pe ìlú jọ.

Ó ní, "A ti jókòó tó. Ẹnìkan ni yóò lọ bá omi yẹn níbi tó wà. Ẹ̀yin ọmọ ẹyẹ, ta ni yóò lọ?"

Lékèélékèé ní, "Kábíyèsí, ẹ wo aṣọ funfun tó wà lára mi. Eruku ọ̀nà yẹn á pọ̀."

Òwìwí ní, "Kábíyèsí, ìràwọ̀ náà mọ́lẹ̀ jù fún ojú mi."

Adàbà ní, "Kábíyèsí, mo ń sàba lórí ẹyin. Bí mo bá dìde, wọ́n á tutù."

Ni Àwòdì bá bọ́ síwájú.

Ó ní, "Kábíyèsí, èmi yóò lọ. Ọmọ mi ń kú lọ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ìràwọ̀ yẹn ń sáré. Bí mo bá ká apá mi kò láti bà lé e, yóò sá fi mí sílẹ̀ ni. Èmi yóò máa yí i po lókè. Ẹ fún mi ní ẹnìkan tó fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára, tí ohùn rẹ̀ ń dún jìnnà. Òun ni n óò jù sórí rẹ̀. Òun ni yóò tọ́ omi náà wò, tí yóò sì ké sí mi."

Erin wo ilẹ̀. Ẹkùn ń họ etí.

Ohùn kan dún láti ìsàlẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Èmi rèé."

Ìrẹ̀ ni. Nígbà náà lọ́hùn-ún, Ìrẹ̀ kò ní ihò. Orí koríko ló ń gbé. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá tẹ koríko sí, ibẹ̀ ni Ìrẹ̀ náà ń tẹ̀ sí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ wo? Bí ẹnìkan bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n á ti lọ wá ọ."

Ìrẹ̀ ní, "Ṣé fífúyẹ́ kọ́ ni wọ́n ń wá ni?"

Àwòdì wò ó. Ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tún rí i pé kò yẹ̀ kúrò níbi tó dúró sí. Ó ní, "Eléyìí ni mo fẹ́."

Ọba ní, "Bí ó bá bà lé ohun tó ń sáré, yóò ta dànù. Ẹ wá nǹkan tí yóò fi di ibẹ̀ mú."

Akàn mú ìwọ̀ wá. Ó ní, "Bí ìwọ̀ yìí bá gán nǹkan, àfi kí nǹkan náà máa bẹ̀bẹ̀."

Ìgbín mú itọ́ ara rẹ̀ wá nínú ewé. Ó ní, "Òun ni mo fi ń gun ògiri. N kò já bọ́ rí."

Alántakùn mú okùn wá. Ó ní, "Ìjì kò rí i já."

Ìrẹ̀ so ìwọ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ó fi itọ́ Ìgbín pa ikùn. Ó wé okùn mọ́ ìbàdí. Àwọn ẹranko pàtẹ́wọ́ fún un.

Adàbà fà sẹ́yìn Àwòdì, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. "Gbé ọmọ rẹ wá sábẹ́ ìyẹ́ mi. Bí mi ò bá lè lọ, mo lè bá ọ tọ́jú rẹ̀."

Àwòdì gbé ọmọ fún un. Kò wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé bí òun bá wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ òun kò ní gbéra ńlẹ̀. Ó fi èékánná gbé Ìrẹ̀ sábẹ́ apá, ó sì fò.

Wọ́n fò, wọ́n fò. Ayé kéré, ó dà bí ẹ̀wà kan. Ìràwọ̀ Onírù ṣì ń lọ níwájú, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń lé òun. Apá Àwòdì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ibi tí ọ̀run àti ayé ti pàdé ni wọ́n ti bá Ìyá Ìjì. Ó ń ran òwú, ó ń yí bírí bírí.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Àwòdì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ìràwọ̀ Onírù la ń lé. Apá mi ò ká a."

Ìyá Ìjì rẹ́rìn-ín. "Apá ẹnikẹ́ni ò ká a. Ó dáa, ẹ wá yí mi po. N óò fì yín bí ìgbà tí wọ́n ń fi kànnàkànnà ju òkúta."

Àwòdì yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ìjì fì wọ́n fìà! Wọ́n kọjá àwọsánmà, wọ́n tún já padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwòdì yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Fìà! Wọ́n kọjá Òṣùpá. Òṣùpá kí wọn, wọn ò ráyè dá a lóhùn, wọ́n tún já padà. Ìrẹ̀ ti bì sára ìyẹ́ Àwòdì.

Àwòdì ní, "Ṣé ká dáwọ́ dúró ni?"

Ìrẹ̀ nu ẹnu. "Ẹ má dáwọ́ dúró, Ìyá Àwòdì."

Àwòdì yí i po lẹ́ẹ̀kẹta. Fìììà! Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò já padà. Wọ́n dé ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, tí kò sí ariwo, tí òtútù ń jẹ ni dé mùdùnmúdùn.

Níbẹ̀ ni oorun ti gbé Àwòdì lọ. Ó na apá, ojú rẹ̀ pàdé, ó ń lọ bí ewé tó bọ́ sínú odò. Ìrẹ̀ pè é, kò dáhùn. Ni Ìrẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é. Bí mo bá dákẹ́, ẹ wí pé, "Rínrín, ọ̀nà ṣì jìn."

*Ìyá Àwòdì, ẹ jí o —*
*Rínrín, ọ̀nà ṣì jìn.*
*Ọmọ yín ya ẹnu dè yín —*
*Rínrín, ọ̀nà ṣì jìn.*
*Ìràwọ̀ ń lọ, kò dúró —*
*Rínrín, ọ̀nà ṣì jìn.*

Ó kọ ọ́ tán, Àwòdì kò gbọ́. Ó tún un kọ. Ìyẹ́ kan mì. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwòdì la ojú kan.

"Àbí mo sùn ni?"

"Ẹ sùn díẹ̀, Ìyá."

"Báwo ni díẹ̀ ọ̀hún ṣe tó?"

"Ẹ má wulẹ̀ béèrè."

Nígbà tí Àwòdì máa la ojú kejì, ìràwọ̀ náà ti wà níwájú wọn gan-an. Ẹnu yà wọ́n. Láti ilé, funfun ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n dúdú ni, ó dú bí èédú. Kò rí roboto bí ìkòkò. Ó ní ara ńlá, ó ní ọrùn, ó ní orí kékeré.

Ìrẹ̀ ní, "Ìyá, pẹ́pẹ́yẹ ni mo rí."

Àwòdì ní, "Pẹ́pẹ́yẹ ni èmi náà rí. Kò kàn lẹ́sẹ̀ ni."

Ó sì ń rùn! Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó ń rùn bí ìtọ̀ ẹṣin.

Ìrẹ̀ di imú. "Ta ni yóò mu omi tó ń rùn báyìí?"

"Òǹgbẹ kì í béèrè òórùn," ni Àwòdì wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìràwọ̀ náà po, ó ń wá ibi tó tẹ́jú. Ó rí ibì kan lórí pẹ́pẹ́yẹ náà. "Ìrẹ̀, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, Ìyá. Ẹ jù mí."

Àwòdì jù ú.

Ìrẹ̀ balẹ̀ gbì! Ó fi ìwọ̀ Akàn gán ilẹ̀. Ìwọ̀ kò wọlé. Ó fi ikùn lẹ̀ mọ́ ọn. Itọ́ Ìgbín ti dì gbagidi, kò mú nǹkankan. Ó ju okùn Alántakùn sára àpáta. Okùn yọ̀, ó bọ́. Ni ìràwọ̀ náà bá ta á sókè tó-ó-ó! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ Àwòdì padà. Àwòdì na èékánná, kò bá a. Ìrẹ̀ já wálẹ̀, ó tún ta sókè, tó-ó! Ó já wálẹ̀, ó ta sókè lẹ́ẹ̀kẹta, tó! Ó yí gbirigbiri, ó wọ inú pàlàpálá òkúta lọ. Àwòdì kò rí i mọ́.

"Ìrẹ̀ o! Ìrẹ̀!"

Ohùn kékeré kan dáhùn láti inú òkùnkùn. "Mo wà o, Ìyá. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi sùn. Ẹsẹ̀ mi kan wà lókè. Oòrùn kò dé ibí dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀."

Àwòdì gbọ́ ọ tó ń họ ilẹ̀ wáráwárá. Lẹ́yìn náà ni ohùn ńlá kan hó láti inú ìràwọ̀ náà.

"Ta ló ń họ mí níbi tí kò yún mi?"

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ìrẹ̀ ni mí, ará ayé. Omi ni mo wá wò."

"Gbogbo ara mi ni omi. Bù ú bí o bá lè bù ú."

Àwòdì gbọ́ *kàù*. Eyín Ìrẹ̀ ló kan nǹkan líle. Ó ń pọ́n ọn lá.

"Bàbá, omi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu. Kò jọ omi odò wa."

"Ta ló sọ fún ọ pé èmi àti odò yín bá ara tan? Mo ti ń sáré kí odò yín tó mọ ọ̀nà."

"Ṣé ẹ lè dà díẹ̀ fún wa?"

"N kì í dà. Bí mo bá jìnnà sí oòrùn, òkúta ni mí. Bí mo bá súnmọ́ oòrùn, èéfín ni mí. Ìrù tí ẹ̀ ń wò láti ilé yín nìyẹn."

Àwòdì rántí gbogbo igbá tó wà níta. Ó rántí ahọ́n ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yé yí po, kò sì yé fetí sílẹ̀. Ìrẹ̀ kò yé họ ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ gbè é o: "Rínrín, mo ṣì wà níhìn-ín."

*Ìyá Àwòdì, ẹ gbọ́ mi o —*
*Rínrín, mo ṣì wà níhìn-ín.*
*Omi ibí, kì í ṣe tiwa —*
*Rínrín, mo ṣì wà níhìn-ín.*
*Eruku lókè, omi nísàlẹ̀ —*
*Rínrín, mo ṣì wà níhìn-ín.*
*Bóyá tilé náà sá pamọ́ ni —*
*Rínrín, mo ṣì wà níhìn-ín.*
*Ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò —*
*Rínrín, mo ṣì wà níhìn-ín.*

Òtútù ti ń mú un. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn ti lọ sílẹ̀. Ó fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. "Rín" nìkan ni Àwòdì gbọ́. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkankan mọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí wọ́n rán Àwòdì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá yí padà lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ìlú ń dúró dè é. Ọmọ rẹ̀ ń dúró dè é. Ó yí ojú sí ọ̀nà ilé. Ó lu apá lẹ́ẹ̀kan, ó lu apá lẹ́ẹ̀kejì.

Ó dúró.

Ó ní, "Ẹni tó jí mi lójú oorun, n kò ní fi í sílẹ̀ sójú oorun." Ó yí padà.

Ìràwọ̀ Onírù rí i. Ó ní, "Ẹyẹ, máa lọ sílé. Ohun tó bá wọ inú mi ti di tèmi."

"N kò lọ."

"Mo ti ń súnmọ́ oòrùn. Èéfín mi yóò jó ọ."

"Jó mi. N kò lọ."

Àwòdì yí i po. Èéfín bò ó lójú, kò rí nǹkankan. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Ó rí nǹkankan tó ń dán, ó sáré lọ bá a, òkúta ni. Eruku wọ̀ ọ́ lọ́fun, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fò sísàlẹ̀, sísàlẹ̀ gan-an, títí àyà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ha òkúta. Nínú òjìji pàlàpálá kan, ó rí ẹsẹ̀ tín-ín-rín kan tó nà sókè.

Ó ká apá kò, ó fi èékánná gán àpáta. Ìràwọ̀ náà ń gbé e sáré lọ. Ó ti orí bọ inú pàlàpálá, ó fi ẹnu fa Ìrẹ̀ yọ. Bó ti ń fà á yọ ni èéfín gbígbóná tú jáde láti ibẹ̀, ó jó àárín ìrù rẹ̀. Àwòdì ké. Ṣùgbọ́n kò la ẹnu tó bẹ́ẹ̀ tí Ìrẹ̀ yóò fi bọ́.

Bó ṣe gbà délé, àlọ́ ò sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń lọ sílé kì í ro ọ̀nà púpọ̀.

Ó balẹ̀ láàárín ìlú. Gbogbo ẹranko sáré gbé igbá wá.

"Omi dà?"

"Kò sí omi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kígbe, "Ó ti mu ún tán lọ́nà ni!"

Ọba Ẹfọ̀n wo ìrù Àwòdì tó ti jó là sí méjì. Ó wo Ìrẹ̀ tó gan lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, pa ẹnu rẹ mọ́. Àwòdì, iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ọ sí wa?"

Àwòdì tẹ́ Ìrẹ̀ sórí iyanrìn níbi tí oòrùn ti mú. Ó ní, "Kábíyèsí, Ìrẹ̀ ní eruku lókè, omi nísàlẹ̀. Ó ní bóyá tiwa náà sá pamọ́ ni. Ó ní ká gbẹ́ ilẹ̀ wò."

Ọba kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó tẹrí ba, ó fi ìwo gún ilẹ̀ odò tó gbẹ. Eruku ló tú jáde. Ó tún gún un. Òkúta wẹ́wẹ́ ló tú jáde. Àárẹ̀ mú un. Erin bọ́ sí i, Ẹkùn bọ́ sí i, Ọ̀kẹ́rẹ́ náà bọ́ sí i, wọ́n jọ ń kó ilẹ̀. Ọba gún un lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwo rẹ̀ yọ, ẹrẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àkèré ló kọ́kọ́ bẹ́ sínú ihò náà. Wọ́n gbọ́ *pọ́ńbọ́*.

Omi!

Àwòdì bu ẹnu kan fún ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ Adàbà. Ọmọ náà gbé e mì, ó ké fún òmíràn. Ó bu ẹnu kejì, ó lọ kán an sórí Ìrẹ̀. Ó jókòó tì í. Oòrùn ń ta, omi ń gbẹ lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kan mì. Ẹsẹ̀ kejì mì.

"Rín," ni Ìrẹ̀ wí.

"Ó jí o!" ni Àwòdì ké.

Àwọn ẹranko gbọ́. Inú wọn dùn kọjá àlà. Gbogbo wọn sáré bọ̀ láti wá gbé e jó. Erin ń bọ̀, Ẹfọ̀n ń bọ̀, Ẹkùn ń bọ̀. Ilẹ̀ ń mì tìtì.

Ilẹ̀ mì lábẹ́ Ìrẹ̀. Ó ní, "Yéè! Ó tún fẹ́ ta mí!" Kò wá ìwọ̀, kò wá itọ́, kò wá okùn. Ó dorí kodò, ó fi ẹsẹ̀ tu ilẹ̀ fùù, ó wọlé lọ ráúráú. Nígbà tí wọ́n máa débẹ̀, ihò ni wọ́n bá.

Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n kí i, kò dáhùn. Wọ́n túká.

Nígbà tí ẹsẹ̀ dákẹ́ pátápátá, Àwòdì gbọ́ ọ láti orí igi.

"Ìyá Àwòdì, rínrín, mo ti di ilẹ̀ mú o."

Inú Àwòdì dùn. Ó fò wá síbẹ̀ kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Bó ti balẹ̀, ilẹ̀ mì díẹ̀. Ìrẹ̀ dákẹ́. Ó fò sókè, Ìrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin. Ó tún balẹ̀, Ìrẹ̀ dákẹ́. Ni Àwòdì bá na apá, ó gòkè, ó ń yí ibẹ̀ po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò lu ìyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́ orin náà dópin.

Láti ọjọ́ náà ni Ìrẹ̀ ti ń gbé inú ihò, tó ń dákẹ́ bó bá gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìrù Àwòdì ti là. Bí ẹ bá sì rí i lókè tó na apá, tó ń yí po láìlu ìyẹ́, àwọn kan á sọ fún yín pé òròmọdìyẹ ló ń wò. N kò sọ pé ebi kì í pa á. Ṣùgbọ́n Ìrẹ̀ ló ń gbọ́.

Ibi tí mo bá àlọ́ náà dé rèé. Ẹni tó bá ní mo parọ́, kó rọra yọ́ ẹsẹ̀ lọ sẹ́nu ihò, kó bi Ìrẹ̀ léèrè. Bí Ìrẹ̀ bá dákẹ́, ẹsẹ̀ olúwa rẹ̀ ló wúwo.